Ìdáhùn sí Fọ́ọ̀mù Akọ̀wé Káńsù

Akọ̀wé, mo rí fọ́ọ̀mù tẹ́ ẹ fi rán ọmọ Múnírátù sí mi.
Ìlà mẹ́ta lẹ fà: ilẹ̀ yín, iṣẹ́ yín, ìtàn yín.
Ìlà kọ̀ọ̀kan ò gùn ju ìka ọwọ́ mi lọ.
Ẹ má bínú, mo ti yí bébà náà dé ẹ̀yìn.

Ilẹ̀ wa.
Ẹni tó bá kúrò ní Ìwó Róòdù láàárọ̀,
tó gba Olódò kọjá,
tó yà lọ́tùn-ún níbi tí wọ́n ti ń lẹ táyà,
yóò bá yangí pàdé, ọ̀nà pupa
tó ń kun bàtà ẹni láìgbowó.
Àpáta dúdú kan wà lẹ́yìn wa, a máa ń sá ẹ̀gẹ́ lé e.
Odò Asín wà níwájú:
lẹ́ẹ̀rùn, adìyẹ ń fẹsẹ̀ rìn ín kọjá;
lóṣù kẹsàn-án, ó máa ń béèrè ènìyàn.
Àárín méjèèjì ni Abà Lájorín wà,
bí ọkùnrin tó jókòó sáàárín ìyàwó méjì,
tí kò ríbi na ẹsẹ̀ sí.

Iṣẹ́ wa.
Kòkó ni. Mo kọ “ni”,
mo pa á rẹ́, mo kọ “ló jẹ́ rí”.
Lásísì bàbá mi ló dúró ti òṣùwọ̀n
ní ibùdó rélùwéè.
Ó ní irin kì í parọ́,
ẹni tó ń ka irin ló ń parọ́.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni ọkọ̀ ojú irin máa ń dúró níbí.
Ìṣẹ́jú mẹ́rin yẹn ló bí ilé ìfìwéránṣẹ́,
ilé búrẹ́dì Sábítíù, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta,
àti èmi, torí ìyá mi wá ta ẹ̀pà lójú fèrèsé ọkọ̀,
kò sì bá ọkọ̀ náà padà.
Ọdún kan, àwọn kan dé tàwọn ti àáké,
wọ́n ní kòkó wa ń ṣàìsàn.
Wọ́n gé ti Ládèjọbí tán pátá,
títí kan èyí tí kò ṣe ní nǹkan kan.
Ládèjọbí jókòó sórí kùkùté,
kò sọ̀rọ̀ títí Jímọ̀ fi pé.
Gàrí ló kù, àti ẹ̀rọ ìlọgẹ̀ẹ́ Ṣẹ̀lìà
tó máa ń wúkọ́ kó tó jí.
Àwọn ọ̀dọ́ ń gun ọ̀kadà lọ ta agbára wọn nígboro;
ẹ ti kà wọ́n mọ́ ibòmíràn.
Rélùwéè tuntun ńkọ́?
Móníyà ló mọ. Kò mọ̀ wá.

Ìtàn wa.
Bí wọ́n bá ń ṣayẹyẹ, jagunjagun ni wọ́n ń pe Lájorín.
Wọ́n ti fún un lẹ́ṣin tẹ́lẹ̀;
lọ́dún tó kọjá, wọ́n tún fi idà kún un.
Ṣùgbọ́n bàbá mi sọ fún mi,
nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kó lọ,
pé ìwọ̀fà ni.
Wọ́n fi í yá owó tí wọ́n fi sìnkú ìyá rẹ̀.
Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ ebè létí odò yìí,
àárọ̀ fún olówó,
ìrọ̀lẹ́ fún ara rẹ̀.
Ìrọ̀lẹ́ ló fi gbin ọ̀pẹ, ìrọ̀lẹ́ ló fi kọ́lé,
ìrọ̀lẹ́ ló fẹ́yàwó.
Nígbà tó san owó náà tán, tí wọ́n ní kó máa bọ̀ nílé,
ó ní ilé wo?

Akọ̀wé, mo mọ̀ pé jagunjagun lẹ máa fẹ́.
Ẹ kọ ọ́ sórí ìlà yín, kò sí ìjà.
Àmọ́ gbogbo ohun tẹ́ ẹ bá rí bẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wa,
mọ́ṣáláṣí, ilé ẹ̀kọ́, òṣùwọ̀n tó ti dípẹtà,
ìrọ̀lẹ́ ọkùnrin kan ni.

Ẹ bi mí iye tá a jẹ́.
Mo kà wá lálẹ́ àná, iná lọ,
mo sì ṣì í kà.